Ọkọ̀-ilé lórí adágún Powell: ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ fẹnu kò lé lórí kí wọ́n tó sanwó

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó fi ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe ibùgbé ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etígbọ̀ọ́ mi. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jáde nílé ẹ̀kọ́ girama ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, wọ́n sì pinnu pé àwọn kò ní í gba gbọ̀ngàn, àwọn kò ní í yan aṣọ ẹbí, àwọn kò sì ní í pe eléré. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn yóò kó ìyàwó àti ọmọ dání, àwọn yóò háyà ọkọ̀-ilé kan, àwọn yóò sì lo ọjọ́ márùn-ún gbáko lórí adágún. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí gbogbo wọn. Àmọ́ kò tó oṣù méjì tí àárín fi dàrú. Ẹnì kan ti fi káàdì rẹ̀ san àsansílẹ̀ fún gbogbo wọn. Ẹlòmíràn ní òun rò pé oúnjẹ àti epo wà nínú iye tí wọ́n dá. Ẹ̀kẹta ní òun kò mọ̀ rárá pé kò sí awakọ̀ kankan tí yóò tẹ̀ lé àwọn, pé àwọn fúnra àwọn ni yóò máa wa ọkọ̀ náà. Nígbà tí wọn yóò fi parí ìjà, ọjọ́ tí àsansílẹ̀ ṣeé gbà padà ti kọjá. Ìrìn àjò náà rì kí ọkọ̀ tó wọmi.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, nítorí àwọn òǹkàwé wa tó wà lókè òkun kò kéré, ọ̀pọ̀ wọn ló sì wà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí ẹgbẹ́ ìjọ tó lè dá irú àbá yìí lọ́la.

Ọkọ̀-ilé jẹ́ ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ tí wọ́n kọ́ ilé lé lórí. Yàrá ibùsùn wà níbẹ̀, ilé ìdáná wà níbẹ̀, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, fíríìjì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́. Òrùlé rẹ̀ ṣeé jókòó lé, àwọn kan tilẹ̀ ní ibi tí ọmọdé ti lè yọ̀ tẹ̀rẹ́ láti òkè bọ́ sínú omi. Gígùn wọn bẹ̀rẹ̀ láti bí ẹsẹ̀ bàtà 45 títí dé 75, èyí tó tóbi sì lè gba ènìyàn 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti sùn. Ilé orí omi kò kúkú ṣàjèjì sí wa. Àwọn Ìlàjẹ ń gbé e, Makoko wà l'Ékòó lójú gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ni Ganvié wà lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin láti ọ̀pọ̀ ìran sẹ́yìn. Àmọ́ orí òpó ni tiwọn dúró lé. Èyí tí à ń sọ yìí ń rìn kiri, bí ilẹ̀ bá sì fẹ́ ṣú, ẹ ó wá èbúté oníyanrìn kan, ẹ ó sì so ó mọ́lẹ̀ di òwúrọ̀.

Lára àwọn adágún tí wọ́n ti ń ṣe irú fàájì yìí ní Amẹ́ríkà, Powell wà lára àwọn tó lókìkí jù lọ. Àárín ìpínlẹ̀ Utah àti Arizona ló wà, apá tó pọ̀ jù sì wà ní Utah. Kì í ṣe adágún àtọ̀runwá. Odò Colorado ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ìsédò Glen Canyon dí lọ́nà, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbára jọ lẹ́yìn rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1963. Ọdún 17 ló gbà á kó tó kún dé ẹnu, ní ọdún 1980. Bí ó bá kún, gígùn rẹ̀ tó máìlì 186, ó sì ń wọ inú àìmọye ọ̀gbun tóóró tó wà láàárín àpáta pupa. John Wesley Powell, ológun alápá kan tó tukọ̀ gba odò náà kọjá ní ọdún 1869, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ẹni tó bá ti dé Kainji rí yóò tètè lóye: bí ìsédò tiwa, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1969, ṣe bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Glen Canyon ṣe bo ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ti gbé rí mọ́lẹ̀.

Omi adágún yìí kì í dúró lójú kan, ohun àkọ́kọ́ sì nìyẹn tó yẹ kí ẹ wádìí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àpò. Ọ̀dá ti bá agbègbè náà fínra láti ọdún 2000. Ní ọdún 2023, omi náà fà sẹ́yìn ju bó ti ṣe rí nígbàkigbà láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ kún: ó fi bí ẹsẹ̀ bàtà 180 sílẹ̀ sí ibi tó yẹ kó dé. Ẹ ronú ilé alájà méjìdínlógún. Ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọ omi ní Hite di ilẹ̀ gbígbẹ. Dangling Rope, ibùdó epo kan ṣoṣo tó wà láàárín adágún náà, ti tilẹ̀kùn ní ọdún 2021. Nítorí náà, ọ̀nà tó wà láàárín èbúté Wahweap, ní apá Arizona, àti Bullfrog, ní apá Utah, tó lé ní máìlì 90, lè má ní ibi tí ẹ ó ti ra epo. Ẹ bi ilé iṣẹ́ tó fẹ́ yá yín ní ọkọ̀ léèrè ibi tí wọ́n ti ń ta epo lọ́dún tí ẹ̀ ń lọ, ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó yín bí omi bá fà tí wọ́n sì ti èbúté pa. Ìdáhùn ẹnu kò tó. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn. Àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ pẹ̀lú lè ṣìnà, nítorí àpáta tó wà nísàlẹ̀ omi nígbà kan lè wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ojú omi báyìí.

Àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn sábà máa ń fò dé Las Vegas tàbí Phoenix, wọ́n á sì wa mọ́tò fún wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún dé ìlú Page, tí ìjọba tẹ̀ dó ní ọdún 1957 fún àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́ ìsédò náà. Ẹ sun ibẹ̀ mọ́jú, kí ẹ má ṣe ti orí ìrìn àjò bọ́ sórí ìdarí ọkọ̀. Ohun kan wà tó máa ń pa àlejò lẹ́rìn-ín, tó sì máa ń náni lówó: Arizona kì í yí aago padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Utah ń yí i. Láàárín oṣù kẹta sí oṣù kọkànlá, wákàtí kan ló wà láàárín èbúté méjèèjì, fóònù yín yóò sì máa yí aago padà lórí adágún bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dá ọkọ̀ padà ní aago mẹ́wàá, ẹ bi wọ́n pé aago mẹ́wàá ti ibo.

Ọ̀rọ̀ owó kàn wàyí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan fi káàdì rẹ̀ gbé gbogbo ẹrù lé orí. Àjọ ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti dá, bí àwọn ìyá wa ṣe ń dá a lọ́jà: kí ẹ yan alájọ kan, kí olúkúlùkù máa san iye kan lóṣooṣù fún ọdún kan ṣáájú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ni owó ọkọ̀ máa ń ga jù, ọkọ̀ ńlá a sì máa gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là fún ọjọ́ mélòó kan. Oṣù karùn-ún àti oṣù kẹsàn-án máa ń fúyẹ́ díẹ̀, oòrùn ibẹ̀ pẹ̀lú a sì rọlẹ̀. Àmọ́ owó háyà nìkan kọ́ ni. Owó ìdúró wà, tí wọn yóò yọ lára rẹ̀ bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́. Owó adójútòfò wà. Owó àtiwọ ọgbà ìjọba wà. Ọkọ̀ kékeré tí ẹ ó fi máa sáré kiri, nítorí ọkọ̀-ilé kì í sáré ju máìlì mẹ́jọ sí mẹ́wàá ní wákàtí kan lọ, ní owó tirẹ̀. Epo ló máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù, torí pé ẹ́ńjìnnì ń mu ún, jẹnẹrétọ̀ náà sì ń mu ún. Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó bá yẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ báyìí-báyìí yóò wá arọ́pò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó rẹ̀ ti wọlé. Ibi tí ti ẹ̀gbọ́n mi ti wó gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa Yorùbá ju àwọn yòókù lọ. Àwọn tó ń yáni ní ọkọ̀ yóò fi ìwọ̀n wákàtí kan tàbí méjì kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wà á, lẹ́yìn náà wọn yóò sọ̀kalẹ̀. Kí ẹ béèrè ọjọ́ orí àti ìwé ẹ̀rí tí òfin ń fẹ́, kí ẹ sì yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí yóò jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ náà láìsí ọtí lẹ́nu. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà jù jẹ́ àbúrò gbogbo yín. Ṣé bọ̀dá àgbà yóò gbà nígbà tí àbúrò bá ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí òrùlé nítorí atẹ́gùn? Ẹ yanjú ìyẹn ní pálọ̀, kí ẹ má ṣe dúró di ojú omi. Lórí adágún, ẹni tó bá di ìdarí mú ni àgbà, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 30.

Ìdí pàtàkì tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn. Ọkọ̀-ilé ga, ó sì fẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bí ògiri, afẹ́fẹ́ a sì máa tì í bí ẹni ti páálí. Nítorí náà, òwúrọ̀ ni ẹ máa rìn, kí ẹ sì ti dúró kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí ẹ bá dé èbúté oníyanrìn, ẹ ó rọra fi iwájú ọkọ̀ gun etí ilẹ̀, ẹ ó wá fa okùn láti igun ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì ri àwọn ìdákọ̀ró mọ́ inú kòtò jíjìn nínú yanrìn. Iṣẹ́ ṣọ́bìrì ni, ó sì gba ọkùnrin mẹ́rin. Òwúrọ̀ àti alẹ́ ni kí ẹnì kan máa yẹ okùn wò. Ẹ má ṣe so ọkọ̀ sábẹ́ àpáta tó yọrí sóde. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ bí ọsán, tí wọ́n ń pè ní Double Arch, ya lulẹ̀ ní etí adágún yìí kan náà. Orí ló kó àwọn ènìyàn yọ tí kò fi sí ẹni tó farapa. Bí òjò bá sì ṣú lókè jíjìn réré láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ẹ jáde kúrò nínú ọ̀gbun tóóró, nítorí àgbàrá lè dé bá yín níbi tí òjò kò ti kán.

Mo fi ohun tó ń pa ènìyàn jù lójú mi sí ọ̀dọ̀ fún òye, mo sì fẹ́ kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwa tí a dàgbà sí Nàìjíríà mọ ìtàn jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n sì bá tọkọtaya àti ọmọ ní òkú lórí ibùsùn. Èéfín tó pa wọ́n, ìyẹn kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì, kò láwọ̀, kò sì lóòórùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀, ibi tó yẹ kí afẹ́fẹ́ tí à ń mí dúró sí ló sì ń gbà. Ó rọrùn láti rò pé gbangba ojú omi kò lè ní irú ewu bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, ọmọ ọdún 11 àti ọmọ ọdún 8, wẹ̀ wọ abẹ́ pèpéle tó wà ní ìdí ọkọ̀-ilé kan lórí adágún Powell. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, abẹ́ pèpéle náà ló sì ń tu èéfín sí. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, èéfín ti borí àwọn méjèèjì, wọ́n sì rì. CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, jáde pẹ̀lú ìwádìí lọ́dún náà: láàárín ọdún 1990 sí 2000, ènìyàn 111 ni èéfín yìí mú lórí adágún náà, 74 nínú wọn lórí ọkọ̀-ilé, 64 nínú àwọn wọ̀nyí ló sì jẹ́ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ nìkan ló fà á. Ènìyàn méje nínú àwọn 74 náà ni kò yè é. Abẹ́ pèpéle yẹn ni wọ́n ti wọn èéfín tó pọ̀ tó ìlọ́po márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ iye tó léwu fún ẹ̀mí lójú ẹsẹ̀.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú páìpù tó ń gbé èéfín jẹnẹrétọ̀ gba òkè òrùlé. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó: níbo ni èéfín ń gbà jáde? Bí wọ́n bá ní ìdí ọkọ̀ ni, ẹ wá òmíràn. Kí ẹ̀rọ tó ń ké nígbà tí èéfín bá pọ̀ wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wò lójú wọn, kí ẹ sì ra tiyín kún un, kò wọ́n. Lórí adágún, kí ẹnì kan ṣoṣo ní àṣẹ lórí jẹnẹrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Kó tó tàn án, yóò ka orí ènìyàn, pàápàá ọmọdé, kó sì rí i dájú pé kò sí ẹni tó wà ní ìdí ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wẹ̀ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ̀ mọ́ pèpéle nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ fún eré. Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, tí ojú ń pòòyì, tí èébì ń gbé e, ẹ má ṣe kọ́kọ́ dá oòrùn tàbí ọtí lẹ́bi. Ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ, ẹ gbé e lọ sínú afẹ́fẹ́ tútù, ẹ sì ké sí àwọn olùtọ́jú ọgbà. Fóònù kì í mú ní ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀gbun náà. Rédíò ojú omi, ìkànnì 16, ni ẹ ó lò, kó sì ju ẹnì kan lọ tó mọ̀ ọ́n lò nínú yín.

Àwọn ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wọ jákẹ́ẹ̀tì ààbò ojú omi nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, òfin ni. Ní ti àgbàlagbà, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ omi wẹ̀, ìtìjú kò sì sí níbẹ̀ àfi bí a bá fi pamọ́. Kí ẹ béèrè ní ìpàdé àkọ́kọ́: ta ni kò mọ̀ ọ́n wẹ̀? Kí ẹ wá pín àwọn tó mọ̀ ọ́n láti máa ṣọ́ àwọn ọmọ ní wákàtí-wákàtí, nítorí iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń ṣe, ẹnikẹ́ni kì í ṣe é.

Oúnjẹ kò le. Ẹ se ọbẹ̀ nílé, ẹ gbé e sínú yìnyín, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ nídìí ààrò. Omi mímu ni kí ẹ má ṣe fi tàfàlà, nítorí ooru ibẹ̀ lè kọjá ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀ ní ojúbọ̀ tó ń kún. Ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe máa dà á nù ní ibùdó tí wọ́n yà sọ́tọ̀, nítorí ìjọba kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí etí adágún. Ẹni tó bá pàgọ́ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kó tirẹ̀ padà bọ̀.

Ibi kan wà tí mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má ṣe fò, ìyẹn Rainbow Bridge, òkúta tí omi àti ọjọ́ gbẹ́ bí afárá, tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 290. Ọkọ̀ kékeré ni kí ẹ gbé lọ síbẹ̀ láti Wahweap, bíi máìlì 50. Ibi mímọ́ ni fún àwọn Navajo àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí ilẹ̀ náà jẹ́ tiwọn, wọ́n sì ń bẹ àlejò pé kí wọ́n má ṣe rìn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń wọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kò nílò àlàyé.

Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ àjọ. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n fojú sí báyìí, wọ́n sì ti yan àbúrò àwọn kan tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pé òun ni yóò máa tan jẹnẹrétọ̀, òun náà ni yóò sì máa pa á. Wọ́n ní ó ti sọ fún gbogbo wọn pé bí orí ènìyàn kò bá pé, iná kò ní í tàn.